Mo Fi Ẹni Tó Wà Nílé Ṣíwájú Àlejò

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, inú ń bí mi bí mo ṣe ń kọ èyí. Ẹ má bínú, kì í ṣe ẹ̀yin lẹ ṣẹ̀ mí. Ara mi ni mò ń bínú sí, àti ẹnu mi, àti ìka mi tí kì í dúró kí orí ronú tán kó tó tẹ nǹkan sórí kọ̀ǹpútà.

Adédùntán ni orúkọ mi. Dùntán ni wọ́n ń pè mí nílé. Ọmọ Iyah-Gbede ni mí, ní ilẹ̀ Ìjùmú, ṣùgbọ́n Kabba ni mò ń gbé, níbi tí iná ti ń wá tó ń lọ, tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì sì ń wá nígbà tó bá wù ú.

Iṣẹ́ mi ṣòro láti ṣàlàyé fún ará ilé. Àwọn kan wà tí wọ́n ń ṣe irinṣẹ́ fún àwọn tó ń kọ ètò orí kọ̀ǹpútà. Èmi ni mò ń kọ àlàyé bí wọn yóò ṣe lò ó, ní èdè Yorùbá, kí àwọn ọmọ wa má bàa máa fi orí gbá ògiri. Bàbá mi máa ń sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé ọmọ òun ń kọ ìwé tí kọ̀ǹpútà ń kà. N kò sọ fún un rí pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ó dùn mọ́ mi.

Irinṣẹ́ tó dá wàhálà yìí sílẹ̀ kéré. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kó to nǹkan sórí ìlà. Á mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, á máa wá àyè fún èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láàárín àwọn tó ti wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kò mọ ẹni tó yẹ kó ṣíwájú. Ìwọ tó ń lò ó lo máa kọ iṣẹ́ kékeré kan, wàá fi lé e lọ́wọ́, òun náà á sì máa lò ó. Bí irú èdè kọ̀ǹpútà yẹn ṣe rí nìyẹn, iṣẹ́ ni wọ́n fi ń bọ́ iṣẹ́.

Iṣẹ́ kékeré yẹn la ń pè ní iṣẹ́ ìfiwéra. Àyè méjì ló ní. Ẹ̀rọ á fi ẹnì kan sí àyè àkọ́kọ́, á fi ẹnì kan sí ìkejì, á wá béèrè pé, ṣé kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé kọjá síwájú ẹni tó ti wà lórí ìlà? Ìdáhùn kò ju bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́.

Gbogbo ohun tí wọ́n ní kí n kọ kò ju pé: ta ló ń jókòó ní àyè àkọ́kọ́, ta ló ń jókòó ní ìkejì. Kò tó iṣẹ́ tí èèyàn ń jẹun kó tó ṣe.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe bà á jẹ́. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tí a bá nílé ni ẹ̀gbọ́n. Ìyàwó tó wọlé lónìí, kódà kó fi ọjọ́ orí ju ìyàwó tó bá nílé lọ, ìyálé ni yóò máa pè é. Ọmọ tí wọ́n ti bí sínú ilé kó tó dé, kò gbọ́dọ̀ la orúkọ mọ́ ọn lórí. Tí mo bá ń dárúkọ èèyàn méjì, ẹni tó ti wà nílé lẹnu mi ń kọ́kọ́ bá. N kò ronú sí i, bí wọ́n ṣe tọ́ mi nìyẹn. Ta ni yóò gbé àlejò ṣíwájú onílé?

Mo wá kọ ọ́ báyìí: "Àyè àkọ́kọ́ ni ẹ̀gbọ́n, ẹni tó ti wà lórí ìlà. Àyè kejì ni àbúrò, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé." Mo kà á sókè, ó dùn létí. Mo fi nọ́ńbà fóònù mi sí ìsàlẹ̀ ojú ewé náà, pé kí ẹni tí ọ̀rọ̀ bá rú lójú pè mí. Mo ti kọ orúkọ mi síbẹ̀ tẹ́lẹ̀, mo tún pa á rẹ́, mo ní àwọn èèyàn á máa da mí láàmú jù.

N kò dán an wò. Ẹ gbọ́ ọ kẹ́ ẹ tún un gbọ́, n kò dán an wò. Kò ní gbà mí ní àkókò tí wọ́n fi ń se ẹyin.

Àwọn tó ṣe irinṣẹ́ náà kò bá wa gbé ní Ìjùmú. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni wọ́n fi sí àyè àkọ́kọ́, wọ́n fi ẹni tó wà lórí ìlà sí ìkejì. Òdìkejì pátápátá ni mo kọ.

Ó wá kan Naomi. Ọmọ Òkè-Bùkún ni, ní Bùnù. Nígbà tó kọ́kọ́ wá sí Kabba láti kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, yàrá mi ló ń sùn. Èmi ni mo kọ́ ọ. Àǹtí ló ń pè mí, kì í dárúkọ mi, kì í jókòó sórí àga tí mo bá wà nídùúró. Nígbà tí ilé ìwòsàn ojú kan nílùú yìí, tí n kò ní dárúkọ, ń wá ẹni tí yóò kọ ètò fún wọn, èmi ni mo mú un lọ bá Mátírọ́ọ̀nù Priscilla. Mo ní ọmọ tó gbọ́n ni, kì í sì í jà.

Ìṣòro tí wọ́n ní níbẹ̀ ni pé àwọn dókítà tó ń ṣe iṣẹ́ abẹ ojú kì í gbé ìlú yìí. Wọ́n ń ti òkèèrè wá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, wọn kì í pẹ́. Èrò á ti ibi gbogbo rọ́ dé. Nọ́ọ̀sì á kọ́kọ́ yẹ ojú kálukú wò, á fún un ní nọ́ńbà. Bí nọ́ńbà bá ṣe tóbi tó ni ojú ẹni náà ṣe sún mọ́ àtikú tó. Ètò tí Naomi fi irinṣẹ́ yẹn kọ ni yóò wá to gbogbo wọn, kí ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ tóbi jù lọ kọ́kọ́ wọlé. Orúkọ nìkan ni ẹ̀rọ náà ń pè sóde. Kì í ka nọ́ńbà sétígbọ̀ọ́ èrò.

Bàbá mi, Olúbọ̀dé, wà lára èrò yẹn. Àgbẹ̀ ni. Àrùn kan ló mú u lójú, èyí tó máa ń jẹ ojú bọ̀ láti ẹ̀gbẹ́, díẹ̀díẹ̀. Dókítà ti sọ ọ́ fún wa láìfi bò pé ibi tó bá ti jẹ kò ní padà mọ́ láyé, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá tètè ṣe iṣẹ́ abẹ, wọ́n lè dá èyí tó kù dúró. Ti òsì ṣì dára díẹ̀. Ojú ọ̀tún ló ń lọ. Ojú ọ̀tún bàbá mi ni gbogbo ìtàn yìí dá lé.

Kí àwọn dókítà tó dé, Naomi pè mí lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń bá mi jà láti òwúrọ̀, inú mi ti ń ru kó tó sọ̀rọ̀. Ó ní òun ti dán ètò náà wò pẹ̀lú orúkọ díẹ̀. Ó ní nígbà tí òun kọ ọ́ bíi pé àlejò ló wà ní àyè àkọ́kọ́, gbogbo rẹ̀ tò dáadáa, ṣùgbọ́n nígbà tí òun kọ ọ́ bí àlàyé ṣe wí, ẹni tó yẹ kó kẹ́yìn ló ń bọ́ síwájú. Ó ní bóyá nǹkan kan ò yé òun.

Ẹ̀yin èèyàn, bí ọmọ ṣe ń fọgbọ́n sọ fún àgbà pé àgbà ti ṣìṣe nìyẹn. Mo mọ̀ ọ́n, èmi náà ti sọ irú rẹ̀ fún àwọn àgbà rí. Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ gbọ́.

"Naomi," ni mo wí, "ṣé èmi ni mo kọ ọ́ ni, àbí ìwọ?"

"Ẹ̀yin ni, Àǹtí."

"Tẹ̀ lé ohun tí mo kọ, jọ̀ọ́."

Ó ní kí n má bínú. Ó dúpẹ́ pàápàá. Ó lọ tú èyí tó ti ṣe dáadáa ká, ó fi èyí tí mo kọ rọ́pò rẹ̀, nítorí pé kò bójú mu kó tún bi mí lẹ́ẹ̀kejì.

Ọjọ́ tí àwọn dókítà dé, mo gbé bàbá mi lọ síbẹ̀ ní ìdájí. Èrò láti Ayewa ti kún orí bẹ́ǹṣì. Ọkàn mi balẹ̀, torí mo ti rí nọ́ńbà tí nọ́ọ̀sì fún un, ó tóbi. Mo ní wọn kò ní pẹ́ pè é, mo padà sílé lọ ṣiṣẹ́.

Nígbà tí mo dé ní ìrọ̀lẹ́, ibi tí mo fi í sí ló ṣì wà. Ó ní ọkùnrin kan tó jẹ́ pé omi ló kàn ń dà lójú rẹ̀ ti wọlé, ó ti jáde. Ó ní obìnrin kan tó ń ka Bíbélì rẹ̀ láìlo awò ojú, òun náà ti wọlé. Mo lọ bá nọ́ọ̀sì. Ó ní kọ̀ǹpútà ló ń pe orúkọ, òun kọ́. Mo lọ bá Mátírọ́ọ̀nù, ó ní kí n ṣe sùúrù, pé wọn kò ní fi ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Èmi tí mo mọ bí ètò ṣe ń ṣiṣẹ́, èmi tí ó yẹ kó yé, mo lọ ra ọsàn fún bàbá mi, mo bó o fún un.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń lọ tí a ń bọ̀. Lọ́jọ́ tó kẹ́yìn, mo rí i tí àwọn dókítà ń kó irinṣẹ́ wọn sínú ọkọ̀. Wọn kò tíì pe Olúbọ̀dé. Dókítà kan dì í lọ́wọ́ mú, ó ní kó máa bá a nìṣó pẹ̀lú oògùn tí wọ́n ń kán, pé ìgbà míì òun ni àkọ́kọ́.

"Kò burú," ni bàbá mi wí. Ó kí wọn pé okun o, bí a ṣe ń kíni lọ́dọ̀ wa, ó tún ṣàdúrà ọ̀nà fún wọn.

Kí wọ́n tó padà wá, ojú ọ̀tún náà kú. Òun fúnra rẹ̀ ló pè mí láti Iyah-Gbede. Ìjùmú ló ń sọ, n óò kọ ọ́ lọ́nà tí gbogbo yín á fi gbọ́. Ó ní òun fi ọwọ́ bo ojú òsì wò láàárọ̀, kò sí ìyàtọ̀ láàárín ìta àti inú ilé mọ́. Ó wá bi mí bóyá mo ti jẹun.

Mi ò lè sọ fún yín bí mo ṣe dé ilé ìwòsàn yẹn. Mo bá Naomi nídìí kọ̀ǹpútà rẹ̀, mo sì pariwo lé e lórí lójú àwọn aláìsàn. Mo ní kí ló fi ojú bàbá mi ṣe. Mo ní ta ló fún un ní nǹkan kó tó fi àwọn ará ìlú ṣíwájú àwọn ará oko. Mo ní èmi ni mo mú un wá síbẹ̀, ó wá dójú tì mí.

Ó kúnlẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, Àǹtí," ló ń wí ṣáá. Ó gbé ojú sókè wò mí lẹ́ẹ̀kan bí ẹni tó fẹ́ sọ nǹkan, ó tún wolẹ̀. Mo ní ẹ̀rí ọkàn ló ń dà á láàmú.

Mátírọ́ọ̀nù ní kó máa lọ sílé títí wọn yóò fi ṣèpàdé lórí rẹ̀. Kí ó tó dé ilé, ọ̀rọ̀ ti gba ìgboro pé ó gba rìbá. Èmi ni mo kọ́kọ́ sọ ọ́, ẹnu mi ni wọ́n ti gbà á.

Lọ́jọ́ kejì, òjò ń rọ̀ sórí páànù, mo jókòó láti kó ẹ̀rí jọ. Mo fẹ́ fi han Mátírọ́ọ̀nù pé àlàyé wà nílẹ̀ kedere, pé Naomi ni kò tẹ̀ lé e. Mo ṣí ojú ewé tí mo kọ. Mo mú nọ́ńbà méjì péré, mo ní kí irinṣẹ́ náà tò wọ́n bí àlàyé mi ṣe wí.

Èyí tó kéré bọ́ síwájú.

Mo ní mo ti ṣì í tẹ̀. Mo tún un tẹ̀. Èyí tó kéré tún bọ́ síwájú. Mo lọ wo inú irinṣẹ́ náà fúnra rẹ̀, ohun tó yẹ kó jẹ́ iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí mo ṣe, mo rí i níbẹ̀: àlejò ló wà ní àyè àkọ́kọ́. Ohùn Naomi lórí fóònù padà sí mi létí, gbogbo ohun tó sọ lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, títí kan ọpẹ́ tó dá.

Ẹ̀rù bà mí débi pé mo dìde lọ ti ilẹ̀kùn, bí ẹni pé ẹnì kan ń bọ̀.

Mo fẹ́ jẹ́wọ́. Mo gbé fóònù láti pe Mátírọ́ọ̀nù. Nígbà náà ni mo ronú kan bàbá mi, tó ń sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé ọmọ òun ń kọ ìwé tí kọ̀ǹpútà ń kà. Mo ronú pé ta ni mo fẹ́ sọ fún pé ìwé tí mo kọ ló gba ojú rẹ̀. Mo gbé fóònù sílẹ̀. Mo sọ fún ara mi pé kí n kọ́kọ́ tún àlàyé náà ṣe ná, kí ó má bàa ṣe ẹlòmíì ní jàǹbá. Ọ̀rọ̀ tó dára ni, àbí? Mo pa "ẹ̀gbọ́n" rẹ́, mo pa "àbúrò" rẹ́, mo kọ ọ́ bó ṣe yẹ. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀ pé ó rí báyìí tẹ́lẹ̀. Mo po tíì, mo mu ún, ara mi sì fúyẹ́. Ìtìjú ìfúyẹ́ yẹn kò tíì kúrò lára mi títí di òní.

Naomi wá sílé mi lọ́jọ́ mélòó kan lẹ́yìn náà. Ó fẹ́ kí n bá òun bẹ Mátírọ́ọ̀nù. Ó ní bàbá òun ní Òkè-Bùkún ti gbọ́ pé òun jalè, wọn kò sì gbé fóònù òun mọ́. Ẹnu ọ̀nà ló dúró sí, kò wọlé títí mo fi sọ pé kó wọlé.

"Mo wo ojú ewé yẹn lónìí, Àǹtí," ló wí. "Ó ti yí padà."

"Ó ti pẹ́ tó ti rí bẹ́ẹ̀," ni mo wí.

Òun àti èmi mọ̀ pé irọ́ ni. Mo dúró kó já mi nírọ́. Ká ní ó já mi ni, mo rò pé n bá ti jẹ́wọ́, n bá sunkún, ọ̀rọ̀ á sì parí láàárín àwa méjèèjì.

"Ó lè jẹ́ pé èmi ni mi ò kà á dáadáa," ló wí. Ó fi ọ̀rọ̀ kúnlẹ̀ fún mi bẹ́ẹ̀, ó sì lọ. Inú bí mi sí i. Ẹ lè rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n inú bí mi sí ọmọ tí mo ń purọ́ mọ́, nítorí pé kò bá mi jà.

Ọjọ́ ìpàdé dé. Mátírọ́ọ̀nù ti ní kí ọkùnrin kan wá láti Lọ́kọ́já, Ayọ̀wálé, ẹni tó mọ̀ nípa irú ètò bẹ́ẹ̀ dáadáa. Bàbá mi ní òun náà ń bọ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ kó jókòó sílé, mo ní kò sí nǹkan tí yóò gbọ́ níbẹ̀ tó máa yé e. Ó ní òun fẹ́ gbọ́ ìdí tí ojú òun fi lọ, bó bá tiẹ̀ jẹ́ pé ìdajì ló yé òun. Èmi ni mo mú un wọlé. Àpò mi wà lórí itan mi, Naomi jókòó níwájú wa.

Ayọ̀wálé ṣàlàyé nírọ̀rùn. Ó ní ètò Naomi ti dojú ìlà délẹ̀: ó kọ ọ́ bíi pé ẹni tó wà lórí ìlà ló wà ní àyè àkọ́kọ́, nígbà tí ó jẹ́ pé ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ló wà níbẹ̀. Ẹni tó yẹ kó kọ́kọ́ wọlé ló wá kẹ́yìn. Mátírọ́ọ̀nù bi í bóyá àlàyé wà tí Naomi ì bá tẹ̀ lé. Ó ṣí ojú ewé mi lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó ní àlàyé rèé, ó wà kedere.

Mo mí kanlẹ̀. Mátírọ́ọ̀nù kọjú sí Naomi, ó ní ṣé ó ní nǹkan láti sọ. Naomi ní kò sí.

Nígbà náà ni Ayọ̀wálé fa ojú ro. Ó ní òun alára ti lo ojú ewé yìí rí, kò sì pẹ́. Ó ní òun rántí pé wọ́n pe ọ̀kan ní ẹ̀gbọ́n, wọ́n pe èkejì ní àbúrò, òun tiẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ó rú òun lójú nígbà náà, ṣùgbọ́n òun kàn tún ti òun ṣe, òun bá tòun lọ.

Ẹ wo ọkùnrin yẹn. Ó rí àṣìṣe náà, ó rẹ́rìn-ín, ó lọ. N kò lẹ́nu láti bá a wí, ṣùgbọ́n mo ṣì ń bínú sí i.

"Nọ́ńbà ẹni tó kọ ọ́ wà nísàlẹ̀ níbí," ló wí. "Ẹ jẹ́ kí n bi í ìgbà tó yí i padà."

Mo ti gbàgbé nọ́ńbà yẹn pátápátá. Ó tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù rẹ̀. Mo gbìyànjú láti ki ọwọ́ bọ àpò, ọwọ́ mi kò wọlé.

Fóònù mi bẹ̀rẹ̀ sí í dún lórí itan mi.

Mo tẹjú mọ́ ilẹ̀, mo ń bẹ Ọlọ́run kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó ń dójú tì mí lójoojúmọ́ dójú tì mí lẹ́ẹ̀kan sí i. Kò lọ. Ó ń dún, ó ń dún. Gbogbo wọn ti ń wò mí, àfi ẹnì kan tí kò rí mi dáadáa láti ibi tó jókòó sí.

"Dùntán," ni bàbá mi wí, "fóònù rẹ ló ń dún."

"Mo gbọ́, Bàbá."

"Gbé e, ọmọ mi. Ó lè jẹ́ ibi iṣẹ́."

Mo gbé e. Mi ò mọ ohun tó mú mi gbé e. Mo ní ẹ ǹlẹ́ o, ohùn mi sì jáde láti inú fóònù Ayọ̀wálé, gbogbo yàrá gbọ́ ọ.

Mátírọ́ọ̀nù kò wò mí. Naomi ló wò. "Ṣé o mọ̀ pé òun ló kọ ọ́?" ló bi í.

"Mo mọ̀, Mà."

"Kí ló dé tí o fi jẹ́ kí a máa pè ọ́ ní olè?"

"Ẹ̀gbọ́n mi ni wọ́n," ni Naomi wí.

Bàbá mi ti lóye. Ohun tí mo ní kò ní yé e, ó yé e ju gbogbo wa lọ. Ó yí orí sí apá ibi tí ohùn mi ti wá.

"Ǹjẹ́ ọmọ yìí bi ọ́ léèrè kó tó ṣe é?"

"Ó bi mí, Bàbá."

"Kí lo sọ fún un?"

Mo fẹ́ sọ nípa nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Mo fẹ́ sọ pé ara mi kò yá lọ́jọ́ náà. "Mo ní kó tẹ̀ lé ohun tí mo kọ," ni mo wí.

Ó mi orí. Ó wá ọ̀pá rẹ̀ nílẹ̀, ó dìde, ó na ọwọ́ kejì sí iwájú. "Naomi," ló wí, "wá mú mi jáde, jọ̀ọ́."

Wọ́n dá Naomi padà sẹ́nu iṣẹ́. Mátírọ́ọ̀nù bẹ̀ ẹ́ níwájú gbogbo òṣìṣẹ́. Èmi náà wọ ọkọ̀ lọ sí Òkè-Bùkún, mo lọ sọ fún bàbá rẹ̀ pé ọmọ rẹ̀ kò jí nǹkan kan. Ó gbọ́ mi tán, ó dúpẹ́ pé mo wá, kò fún mi ní àga.

Mo kọ̀wé sí àwọn tó ni irinṣẹ́ náà, mo sọ gbogbo rẹ̀. Wọ́n dá mi lóhùn pé wọ́n dúpẹ́, pé àlàyé tuntun náà dára gan-an. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ kọ̀ǹpútà yẹn mọ́lẹ̀. Àwọn ará ilé ń bẹ̀ mí wò, wọ́n ní iṣẹ́ Ọlọ́run ni, kí n má ro ara mi pin. Iṣẹ́ Ọlọ́run kọ́. Iṣẹ́ mi ni. Mo fẹ́ kí ẹnì kan bú mi, kò sẹ́ni tó bú mi.

Tẹ́ ẹ bá ní kí n gbà yín nímọ̀ràn, èyí ni mo ní: tí ẹni tó kéré sí yín bá sọ fún yín pé bóyá nǹkan kan kò yé òun, ẹ dákẹ́, kẹ́ ẹ lọ wò ó. Ó ti wò ó kó tó pè yín. Kò sì ní tún bi yín mọ́, torí ẹ̀yin lẹ tọ́ ọ bẹ́ẹ̀.

Àwọn dókítà padà dé, òótọ́ sì ni, bàbá mi ni wọ́n kọ́kọ́ pè. Wọ́n ṣe ti òsì, ó yọrí sí rere. Ti ọ̀tún kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe sí i.

Ọjọ́ tó padà lọ kí wọ́n yẹ ojú náà wò, mo pẹ́ díẹ̀ lọ́nà. Nígbà tí mo dé, òun àti Naomi ti wà lórí bẹ́ǹṣì, Naomi wà lápá òsì rẹ̀, wọ́n ń sọ̀rọ̀ nípa iṣu, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. N kò fẹ́ dá wọn lẹ́nu. Mo rọra jókòó sí àyè tó kù, lápá ọ̀tún rẹ̀, ejìká mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan tirẹ̀.

Wọ́n sọ̀rọ̀ pẹ́. Lẹ́yìn náà ó bi Naomi pé, "Ṣé Dùntán kò tíì dé?"

Naomi gbójú sókè, ó wò mí. Ó fi ìdáhùn sílẹ̀ fún mi.

"Mo ti dé, Bàbá," ni mo wí.

"Láti ìgbà wo?"

"Ó ti ṣe díẹ̀."

Ó fi ọwọ́ ti bẹ́ǹṣì, ó sì yí gbogbo ara rẹ̀ pátá kó tó lè rí mi.